Ojú Tọ́ọ̀ṣì Kọ́ Ló Kú

Ẹnu àwọn ará Adegbayi kò ní ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní èmi Alimat ni mo ń ta ayédèrú tọ́ọ̀ṣì fún Bàbá Fàdìlàt títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Irọ́ gbuu ni. Nínú gbogbo tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi, kò sí ọ̀kan tí kò tàn. Èyí tí wọ́n bú jù lọ ṣì wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo tan án láàárọ̀ yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Yẹ̀kínì lorúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ wọn obìnrin la fi ń pè wọ́n. Agbẹ́kànga ni wọ́n. Láti oríta wa níbí títí wọ Olódò, tẹ́ ẹ bá débi tí omi kànga ti mọ́ gaara, tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo di ìyàwó ní agboolé tó kángun sí tiwọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wọ inú kànga lọ. Nígbà tó yá tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, Lateef ọmọ àbúrò wọn, géńdé tó ti láya tó ti bímọ, ló ń wọlẹ̀, àwọn a sì dúró lẹ́nu kànga. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lókè ló ń wo ara kànga bóyá ó ti ń sán, òun ló ń wò bóyá ejò wà nínú ihò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, òun ló ń wo bí omi ṣe ń sun. "Ojú ẹni tó wà lókè ni ẹ̀mí ẹni tó wà nísàlẹ̀." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn, wọ́n sì ti wí i fún Lateef títí ó fi di orin sí i lẹ́nu.

Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀ṣì kì í fi í kúrò lápò wọn. Láyé àtijọ́, jígí fífọ́ ni wọ́n ń lò: wọ́n á fi mú oòrùn, wọ́n á dà á sínú kànga. Jígí ṣì dára. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń kọ́ òrùlé bo kànga báyìí, oòrùn ò sì rọ́nà yà síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí Bàbá Fàdìlàt lọ́nà Jímọ̀ọ́, nínú jálàbíà funfun, ẹ wo àpò wọn ọ̀tún: tọ́ọ̀ṣì ló wú síbẹ̀ yẹn. Hàjàrá ìyàwó wọn a máa ní, "Orogún mi rèé o. Òun ló ń bá wọn dé ibi tí mi ò lè dé." Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọwọ́ kan àpò wọn bóyá orogún náà ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí tọ́ọ̀ṣì ò lè ṣe. Kànga tí wọ́n bá ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́. Ẹni tó bá wọ ọ́ á kàn sùn síbẹ̀ ni, kò ní jí mọ́. Èémí kànga ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọlẹ̀, wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá ń jó títí ó fi dé ìsàlẹ̀, máa wọlé. Bí iná bá kú, ẹ kó okùn yín, ẹ máa lọ sílé. Bàbá Fàdìlàt ní tọ́ọ̀ṣì ò lè mọ ìyẹn láé, torí tọ́ọ̀ṣì kì í mí.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rajà. Mo ń ta bátìrì, ṣájà, àti gbogbo tọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó bá ti lè wọ àpò. Àwọn oníbàárà yòókù á tẹ bọ́tìnnì, á tàn, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Bàbá Fàdìlàt? Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iyọ̀. Wọ́n á wá bọ́tìnnì rẹ̀, bóyá ìdí ló wà tàbí ẹ̀gbẹ́, nítorí ọwọ́ tó di okùn mú kò ráyè wá bọ́tìnnì kiri. Wọ́n á kì í bọ àpò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, bóyá á yọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ síbi páìpù gígùn tí ọkùnrin tó ń ta ohun èlò omi tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fojú kan wò ó bóyá ìpẹ̀kun rẹ̀ hàn. Àwọn èèyàn á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò ní dáhùn. "Tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn káàkiri, ti ìyá arúgbó tó ń wá bàtà ni," wọ́n á wí. "Èyí tó ń tàn jìnnà ni tèmi."

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni onírin kékeré kan tí mo ń pè ní Ìka-Ọmọ. Bátìrì kan péré ló ń jẹ. Ó ti jábọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ rí, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, ó ń tàn lọ ní tiẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe dé lọ́jọ́ kan tí wọ́n jù ú sórí tábìlì mi.

"Alimat, ojú ẹ̀ ti kú."

Ojú tọ́ọ̀ṣì ni à ń pe gíláàsì iwájú rẹ̀ yẹn, níbi tí iná ti ń jáde. Mo fi bátìrì tuntun sí i, mo tan án sí ògiri, ó tàn rekete.

"Ojú ẹ̀ ò kú o, Bàbá. Ẹ wò ó."

"Kí ni n ó wò níbẹ̀? Ṣé iná nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá Ìka-Ọmọ ti dàgbà ni, kí wọ́n tètè fẹ́ òmíràn lé e. Àwàdà ni mo ń ṣe.

Wọ́n mú oníke kan tí wọ́n ń ṣájì. Wọ́n ní ó fúyẹ́ lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ṣàn bí ọbẹ̀ tó lómi jù. Wọ́n dá a padà, wọ́n mú èyí tí wọ́n ń fa ọrùn rẹ̀: bẹ́ ẹ bá fà á jáde, iná á kóra jọ sójú kan, bẹ́ ẹ bá tì í wọlé, á fẹ̀. Nínú gbogbo kékeré tí mo ń tà, kò sí èyí tó tó o. Wọ́n ní iyanrìn ń há sí i lọ́rùn. Mo gbà, òótọ́ ni, iyanrìn ń há sí i. Wọ́n tún ní kò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni mi ò gbà. Wọ́n wo èyí tó wà nídìí láítà, tí èmi náà mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Wọ́n wo fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì lórí, wọ́n ní tó bá já sínú kànga, tọ́ọ̀ṣì àti gbogbo ẹni tó mọ àwọn ló jọ já sí i yẹn. Fàdìlàt tó wà nílé ọkọ ní Ṣáṣá ra èyí tí wọ́n ń dè mórí ránṣẹ́. Wọ́n dè é, wọ́n tú u. Wọ́n ní orí ń gbóná, ilẹ̀ ò sì mọ́.

Gbogbo wọn ni wọ́n ń dá padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ojú ẹ̀ ti kú. Ojú ẹ̀ ò dáa. Àwọn tó ń kọjá ń gbọ́. Oníṣòwò ni mí, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Nǹkan mìíràn tún ń bí mi nínú. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n bá ń kọjá lọ. Mi ò ní pariwo, torí oníbàárà. Àwọn náà á sì dáhùn láti òkèèrè, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó." Ó wá di pé mo kúnlẹ̀, wọ́n kọjá, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Bí mo bá wà níwájú wọn gan-an, wọ́n á dáhùn. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi bí ẹni pé igi ni mí. Mo sọ fún Hàjàrá pé bí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì bá ti dìjà, kí wọ́n pè mí jókòó. Hàjàrá ní, "Má bínú. Èmi náà, wọ́n tẹ abọ́ tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lánàá, ọbẹ̀ dànù, wọ́n ní ibi tí mo gbé e sí ni ò dáa." Àwa obìnrin méjì dúró, à ń rojọ́ ọkùnrin. A pè é ní ìgbéraga. A pè é ní ọjọ́ ogbó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹnì kankan nínú wa ò sì ro ti ojú.

Nígbà tó yá, àwọn kànga bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe délé wa nìyẹn. Bàbá Fàdìlàt lọ kó ẹrọ̀fọ̀ kànga kan lápá Olódò, wọ́n sọ àtùpà kalẹ̀, wọ́n ní ó ti kú, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Wọ́n lọ síbòmíì, bákan náà. Kànga mọ́ṣáláṣí wa tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́, wọ́n ní èémí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìmáàmù ní kí wọ́n dé e pa, àwọn èèyàn sì ń ru omi àlùwàlá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló ń bínú. Àwọn kan ní Bàbá Fàdìlàt ti ń bẹ̀rù ikú ni. Kò sẹ́ni tó lọ yọjú wo inú kànga fúnra rẹ̀. Ta ló máa bá agbẹ́kànga jiyàn lórí kànga?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn àti Lateef, wọ́n tún mú èyí tí wọ́n ń fa ọrùn rẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Alimat, dìde. Bá wa kálọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kó o fojú ara ẹ rí i pé iná tó ò ń tà kì í dé ìsàlẹ̀."

Mo fi aṣọ bo tábìlì mi, mo kó gbogbo tọ́ọ̀ṣì tí mo ní sínú ọ̀rá, mo tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ borí, kí n má purọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà níṣojú ẹlẹ́rìí pé ọjà mi dáa.

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá la lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti kọ́ òrùlé bo kànga wọn, abẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Bàbá Fàdìlàt fa ọrùn tọ́ọ̀ṣì náà jáde, wọ́n tan án sísàlẹ̀, wọ́n ní kí n yọjú.

"O rí i? Kò dé."

Mo wò ó. Iná náà lọ tààrà bí okùn, ó kan omi, omi sì ń dán. Mo rí ewé kan tó léfòó. Mo rí korobá kan tó ti já sínú ẹ̀, etí rẹ̀ yọ díẹ̀. Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀, ni mo bá wo Lateef. Ilẹ̀ ni Lateef ń wò.

Nígbà tí mi ò fèsì, wọ́n rò pé mo ti gbà. Wọ́n ní kí Lateef tan àtùpà. Wọ́n so ó fúnra wọn, wọ́n ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yẹn ò sì gbọ̀n rárá. Gbogbo wa yí ẹnu kànga ká. Kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi dúró.

"Ó ti kú," wọ́n ní. "Èémí ẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀gá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ ibí o."

Àtùpà ń jó. Ahọ́n iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó pupa, ó tan ara kànga yíká. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá wo àtùpà, wọ́n wo Bàbá Fàdìlàt.

"Bàbá, ó ń jó," wọ́n ní, jẹ́jẹ́.

"Kí ló ń jó?"

"Àtùpà yẹn. Kò kú."

Bàbá Fàdìlàt rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ọ̀gá máa ń rín sí ẹni tí kò mọṣẹ́. "Lateef, ṣàlàyé fún wọn."

Lateef tún ń wo ilẹ̀.

"Lateef!"

"Ó ń jó, Bàbá."

Wọ́n fa okùn sókè kíákíá. Bí àtùpà ṣe yọ lẹ́nu kànga, wọ́n nawọ́ sí i, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì bá gíláàsì rẹ̀ tó gbóná. Wọn ò yọwọ́. Wọ́n di gíláàsì náà mú títí Lateef fi já a gbà lọ́wọ́ wọn. Awọ ọwọ́ wọn ti bó.

"Ti mọ́ṣáláṣí ńkọ́?" wọ́n béèrè.

Lateef ti ń sunkún. "Ó ń jó nígbà tẹ́ ẹ fà á sókè."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O sì dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó kú, Bàbá. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Mo rò pé nǹkan tí ojú tèmi ò tó lẹ rí."

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn tó wà lẹ́bàá kànga. Wọ́n ń fi ọwọ́ tí kò jóná pa èyí tó jóná. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

"Tó bá wá jẹ́ pé ó kú, tí mo sì rò pé ó ń jó ńkọ́? Tí mo sì ní kó o wọlé?"

Mo gbé ọ̀rá tọ́ọ̀ṣì mi sẹ́yìn mi bí ẹni tó jalè. Mo ti borí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún borí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Fàdìlàt ló mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi, ó ń sọ ọ́, ó ń nujú. Ó ní dókítà fa tọ́ọ̀ṣì kékeré kan bí bírò yọ lápò àyà rẹ̀, ó tàn án sí wọn lójú. Bàbá ní, "Dókítà, irú bátìrì wo ni tiyín ń lò?" Dókítà sọ fún wọn. Bàbá ní, "Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tiyín náà ò mọ́lẹ̀." Fàdìlàt ní dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní omi inú ojú náà ti ń fún un láti inú, ó ti pẹ́. Iṣan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sínú ọpọlọ ti gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń bọ̀ láàárín, kò dun èèyàn, kò yún èèyàn. Bó bá jẹ́ irú awọ tí wọ́n máa ń ṣí kúrò lójú ni, wọn ì bá ṣí i. Èyí, ohun tó ti lọ ti lọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i láti fi pa ìba tó kù mọ́. Ìba tó kù náà ò dúró.

Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ni mo ń kúnlẹ̀ sí.

Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé kádàrá ni. Mo mọ̀ pé kádàrá ni, Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n etí kọ́ ni ọkùnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, ẹnu kọ́. Ojú ló fi ń jẹun, ojú ló fi ń pa ọmọ àbúrò rẹ̀ mọ́ láàyè. Kí ló dé tí kádàrá kò fi mú òmíràn lára wọn? Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Wọ́n ti ṣí kànga mọ́ṣáláṣí. Ẹlòmíì ló ń dúró lókè fún Lateef báyìí. Bàbá Fàdìlàt ń jókòó níwájú ilé wọn, Ìka-Ọmọ ti padà sápò wọn. Hàjàrá sọ pé láti àárọ̀ dalẹ́ lòun ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ nínú àpò, wọ́n á tàn án, wọ́n á pa á. Kò pè é ní orogún mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀. Hàjàrá ló ṣáájú, ọwọ́ Bàbá wà léjìká rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì pariwo kíkí náà kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Wọ́n ní o kó tuntun dé."

Mo fi ọ̀kan sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e wò. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n rí i nídìí. Wọ́n kì í bọ àpò, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dìde, kò yọ́.

"Kò wúwo," wọ́n ní. "Bọ́tìnnì ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó ṣe èyí ronú."

Wọn ò lọ síbi páìpù. Wọ́n yí i padà sí ojú ara wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iná náà kún ojú wọn. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní láti gbójú kúrò. Àwọn ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Hàjàrá fi gèlè bo ẹnu, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ó ti tàn?"

"Ó ti tàn, Bàbá."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú iná yẹn lójú wọn, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n nà án sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi.

"Pa á," wọ́n ní. "Má jẹ́ kí bátìrì ẹ̀ ṣòfò."